Irùngbọ̀n Tí Fọlárìn Fá Lọ Sílé Àna

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Fọlárìn gbọ́ ọ títí, kò wọ̀ ọ́ létí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ fojú han bàbá Wúràọlá, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó ki réésà sínú abẹ onírin tuntun, ó fi ọṣẹ ìfọṣọ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì tẹ abẹ mọ́ ọn bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ẹ̀jẹ̀ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó fi tòsì sílẹ̀, ó fi áńkáṣífì bo àgbọ̀n, ó lọ.

Bó ṣe dọ̀bálẹ̀ kí baba, áńkáṣífì jábọ́.

"Ṣé irùngbọ̀n lo fá ni, àbí oko lo ro?"

"Ẹ má bínú, bàbá."

Baba rẹ́rìn-ín, ó gbé ọṣẹ ìfárùngbọ̀n àti abẹ tirẹ̀ jáde. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kù, ó fi búrọ́ọ̀ṣì po ọṣẹ títí ó fi hó bí ẹmu àárọ̀.

"Gbà, fá a fúnra rẹ. Má tẹ̀ ẹ́. Irin yẹn wúwo tó láti ṣiṣẹ́ ara rẹ̀."

Abẹ ń yọ̀ lọ wẹ́rẹ́. Nígbà tí Fọlárìn ṣan ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ń dán, kò sí ẹ̀jẹ̀.

Baba fọwọ́ pa á wò. "Ọwọ́ tó mọ ẹ̀sọ̀ báyìí ni mo lè fa ọmọ mi lé."