Kókó Tí Ẹ̀gà Fi Pamọ́

Ẹ̀yin ọmọ, mo gbé àlọ́ dé o!

Ẹ sọ ọ́, à ń gbọ́!

Ẹ̀gà onínú tútù ń kọ́ àwọn ọmọ ẹyẹ ní ìtẹ́ híhun. Lẹ́ẹ̀mẹta ni Erin, ọ̀gá ilé-ìwé wọn, gbé ìyìn tó tọ́ sí Ẹ̀gà fún Ọ̀bọ, olùkọ́ tó ń sùn ní kíláàsì. Inú bí Ẹ̀gà, kò kọ́ àwọn ọmọ ẹyẹ ní kókó ìparí tí kì í jẹ́ kí ìtẹ́ tú mọ́.

Òjò dé, ìtẹ́ Ológoṣẹ́ kékeré ń tú. Ó ń kọrin:

Ìyá Ẹ̀gà, ìtẹ́ mi ń tú o,
*Tẹ̀rẹ̀nà!*
Mo hun ún bí ẹ ṣe kọ́ mi,
*Tẹ̀rẹ̀nà!*

Ẹ̀gà fò lọ, ó fi ìyẹ́ bò ó, ó so kókó náà. Erin rí i, ó mọ ẹ̀bi rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ Ẹ̀gà.

Ẹ̀gà ní, “Ẹ̀yin lẹ rẹ́ mi jẹ, ọ̀gá, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ni mo fìyà jẹ.”

Ẹ̀yin ọ̀gá ọ̀la, ẹ má rẹ́ni jẹ. Àlọ́ mi ti sùn. Ẹ̀yin náà, ẹ sùn.