Férémù Tó Bo Orúkọ

Ọkùnrin kan wà ní Ìwó tó ń kọ pátákó jẹun. Bí onígbàjámọ̀ bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun ni yóò ya orí mẹ́fà sí pátákó fún un. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ gún, ó sì máa ń yí ìrù wọn padà bí ìwọ̀ apẹja. Ní igun ìsàlẹ̀ gbogbo pátákó, ó ń kọ "Adéṣiyan, Ìwó" sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣẹ́ pátákó ti máa ń ṣe, kí ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ náà lè mọ ibi tí yóò wá òun sí.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó bí. Òun ló fi búrọ́ọ̀ṣì sí i lọ́wọ́. Pátákó yìí náà ló fi rán an lọ sí yunifásítì, níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ ọnà.

Nígbà tó ṣetán, ó ń wá àyè ìkọ́ṣẹ́ ní gálárì, ilé tí wọ́n ti ń pàtẹ àwòrán. Ó kọ lẹ́tà sí ibi mọ́kànlá. Mẹ́wàá kò dá a lóhùn. Ìkọkànlá jẹ́ gálárì kékeré kan ní Ìbàdàn, yàrá méjì péré. Obìnrin tó ni ín pè é wá, ó gbé lẹ́tà náà dání, ó ní, "Ọwọ́ rẹ mà dára o. Ta ló kọ́ ọ?"

Ọmọbìnrin náà wo ògiri funfun, ó wo bàtà obìnrin náà. Ojú pátákó onígbàjámọ̀ tì í. Ó ní, "Èmi ni mo kọ́ ara mi, mà. Inú ìwé ni mo ti rí i."

Wọ́n gbà á fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀gá ní bí ó bá ṣe dáadáa, iṣẹ́ gidi ń bẹ níbẹ̀ fún un.

Ó ṣe dáadáa. Má rò pé ọ̀lẹ ni. Ó ń gbálẹ̀, ó ń gbé àwòrán kọ́, òun ló sì ń fọwọ́ kọ káàdì kékeré tó ń sọ orúkọ ẹni tó ya àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù karùn-ún, ọ̀gá rẹ̀ ra pátákó àtijọ́ jọ láti ìlú dé ìlú, ó fẹ́ pàtẹ wọn. Níbi tí ọmọbìnrin náà ti ń nu eruku ara wọn, ó rí orí mẹ́fà, ó sì rí "Adéṣiyan, Ìwó" ní igun. Orúkọ òun náà nìyẹn. Bí ọ̀gá bá rí i, irọ́ tú.

Ó pe káfíńtà pé kí ó fi férémù tó fẹ̀ sí i. Férémù bo igun náà pátápátá. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó mú káàdì, ó sì kọ ọ́ pé: "A kò mọ ẹni tó yà á."

Onígbàjámọ̀ tó ta pátákó náà ló sọ fún bàbá pé gálárì kan ní Ìbàdàn ló rà á láti pàtẹ rẹ̀. Bàbá mọ̀ pé gálárì ọmọ òun ni. Inú rẹ̀ dùn, ó lọ aṣọ rẹ̀, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àtẹ náà. Ó dúró níwájú pátákó rẹ̀. Ó fi ìka kan igun férémù. Ó ka káàdì, ó sì tún wò ó. Ìrù lẹ́tà ló ń wò.

Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn ọ̀gá, ó gbé abọ́ ẹ̀pà dání. Kò kúnlẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Àbí ẹ mọ ẹni tó ya eléyìí ni?"

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. "Rárá, màdáàmù. N ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ káàdì yìí, ọ̀gá tó kọ́ ọ mọṣẹ́."

"Kò lọ́gàá o, bàbá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀."

"Ó káre," ni bàbá wí, ó sì padà sí Ìwó.

Wọ́n fún ọmọ náà ní iṣẹ́. Bàbá kò kọ pátákó mọ́. Ọdún kejì ló kú. Ọmọ rẹ̀ ìbá fẹ́ tú férémù náà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n pátákó ti lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló bá àlejò tó rà á dì í, tí ìyẹn gbé e kọjá òkun, tòun ti káàdì.

Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Mo ti dàgbà tó láti rí i pé kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí. Obìnrin yẹn kò gbẹ. Òun ni igbákejì ọ̀gá lónìí. Bàbá ló gbẹ.

Ìwọ ni mo ń bá wí. Mo ti ka fọ́ọ̀mù ìkọ́ṣẹ́ tí o ní kí n fọwọ́ sí. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó kọ́ ọ ní aṣọ rírẹ, orúkọ tèmi lo kọ, nítorí pé mo jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Kí ni mo mọ̀ nípa aró? Ìyá rẹ wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì rí èékánná rẹ̀. Ó dúdú títí dé ìdí.

Gba fọ́ọ̀mù rẹ. Pa orúkọ mi rẹ́. Ìyá rẹ ṣì wà láàyè, gègé nìyí.