Òbúkọ Gbé Ọṣẹ Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Kọjá Òkun

Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí, ó ké sí àwọn ọmọ agbolé:

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi gbéra, ó fo òrùlé, ó fo òkun, ó wá já sínú ìkòkò ọṣẹ."

Ní ìgbà kan rí, ìdílé ewúrẹ́ kan wà tí wọ́n ń se ọṣẹ dúdú. Òbúkọ ni olórí ilé. Ta ni ẹ rò pé ó ń se ọṣẹ?

"Òbúkọ ni," ni àwọn ọmọ dáhùn.

Irọ́ ni. Òbúkọ kì í kúrò níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló ń sun èèpo kòkó. Òun ló ń sẹ́ omi eérú, òun ló ń rò ó. Wọ́n ní obìnrin kì í ṣe olórí ilé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn Àwẹ̀ró ni Òbúkọ dàgbà sí.

Nínú ìdílé náà, ẹni tó bá se ọṣẹ ni í fi pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ẹni tó rà á lè mọ ẹni tí yóò yìn tàbí ẹni tí yóò bú. Pátákò Àwẹ̀ró sán létí, gbogbo ọjà ló mọ àmì rẹ̀. Bó bá ń rò ó, orin rẹ̀ nìyí, ẹ bá mi gbè é:

Àwẹ̀ró, rò ó o,
*Rò ó kó dì.*
Iná ń jó mi lójú,
*Rò ó kó dì.*
Ẹni tó rò ó ló mọ̀ ọ́n,
*Rò ó kó dì.*

Lọ́jọ́ kan, Lékèélékèé ti òkè òkun dé. Ó ní àwọn ènìyàn ọ̀hún rí ọṣẹ náà lọ́wọ́ arìnrìn-àjò kan, wọ́n sì ń wá a kiri. Òbúkọ pe ìpàdé ẹbí. Ó ní igba apẹ̀rẹ̀ ni òun máa gbé lọ. Ó ti kọ àkọlé tuntun pàápàá: ÒBÚKỌ ÀTI ÀWỌN ỌMỌKÙNRIN RẸ̀.

"Èmi ńkọ́?" ni Àwẹ̀ró bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá lọ, ta ni yóò máa ṣọ́ iná?"

Ó mú ọ̀bẹ, ó fá àmì Àwẹ̀ró kúrò lára ọṣẹ kọ̀ọ̀kan, ó tẹ pátákò tirẹ̀ síbẹ̀.

Àwẹ̀ró wò ó. Ó ní, "Kò burú, àbúrò mi. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni yóò dáhùn fún un."

"Ìyá Àgbà, kí ló dé tí kò gbá a létí?" ni Fẹ̀yíṣará, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, béèrè.

Fara balẹ̀, ọmọ mi. Ìgbátí wà níwájú.

Ní ibodè òkè òkun, obìnrin kan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí Òbúkọ àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ti sún mọ́ ọn, obìnrin náà di imú mú.

"Ìwọ tó ń rùn báyìí lo ń ta ọṣẹ?"

Òbúkọ fi àmì hàn án, ó sì gbé ẹsẹ̀ sókè kó lè rí i pé tirẹ̀ ni. Oníbodè ní ó dáa, ṣùgbọ́n òfin àwọn ni pé ẹni tí àmì rẹ̀ bá wà lára ọjà ni yóò ṣe irú rẹ̀ lójú àwọn. Kí ó tó ṣe é, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù. Bí kò bá lè ṣe é, igba apẹ̀rẹ̀ di ti òkun.

Òbúkọ gbé ìkòkò kaná. Kò sẹ́ eérú rárá, ó kàn dà á sínú epo. Ó rò ó, ó rò ó, ó ń ṣàn bí ọbẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ wá sọ ọ́ sí i létí pé, "Bàbá, gààrí wa ṣẹ́ kù. Ẹ jẹ́ ká dà á sí i, yóò dì."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

Ó sì dì lóòótọ́. Òbúkọ tẹ pátákò lé e. Oníbodè bù ú, ó fi fọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra. Ó fi ìbínú gbé ọwọ́ náà sókè láti gbá Òbúkọ létí, ó sì lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n Òbúkọ.

"Kí wọ́n mú ọṣẹ inú apẹ̀rẹ̀ fọ̀ ọ́ kúrò," ni Fẹ̀yíṣará wí.

Òfin ńkọ́? Òfin tó de Òbúkọ ló de oníbodè náà. Ọwọ́ tí ì bá sì fi da ẹrù sókun ló ti lẹ̀ yìí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jọ ń rìn, tí wọ́n jọ ń sùn, tí oníbodè ń fi ẹnu mí, kí Lékèélékèé tó lọ pe Àwẹ̀ró dé.

Àwẹ̀ró sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Àbúrò mi, ọṣẹ ta nìyí?"

"Ọṣẹ ìdílé wa ni."

Àwẹ̀ró tún aṣọ ró, ó padà sínú ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró. Ọṣẹ yín ni."

"Ta ni yóò máa ṣọ́ iná?"

Òbúkọ wo ilẹ̀. "Èmi ni."

Àwẹ̀ró bá sẹ́ eérú, ó se ìkòkò kan, ó ń kọrin, ọṣẹ dì. Ó fi ṣan ọwọ́ oníbodè, ọwọ́ já kúrò lára irùngbọ̀n. Ó tún ọṣẹ inú igba apẹ̀rẹ̀ náà tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pátákò rẹ̀ tó sán, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún un. Àkọlé tí wọ́n gbé kọ́ lọ́hùn-ún ni ÀWẸ̀RÓ ÀTI ÌDÍLÉ RẸ̀.

"Ọṣẹ gààrí ńkọ́?"

Oníbodè ní ohun tí Òbúkọ bá tẹ̀, Òbúkọ ni yóò lò ó tán. Wọ́n dì í mú, wọ́n fi wẹ̀ fún un látorí dé ìrù. Òórùn ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Bí òjò bá ṣú, ẹ wo bó ṣe ń sá, ó rò pé wọ́n tún fẹ́ wẹ òun ni.

Bí ọjà ilé yín bá fẹ́ kọjá òkun, orúkọ ẹni tó ṣe é ni kó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Ẹni tó bá fi alágbára ìdí iná sílẹ̀, tó lọ ń fọ́nnu níbodè, ibodè ni àṣírí rẹ̀ yóò ti rùn.

Ibi tí mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ọṣẹ mi má hó. Bí n kò bá purọ́, kó hó lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Hó! Hó! Hó!"