Ìdí Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Fi Ń Ju Ìrù Kó Tó Fọhùn

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko àti ènìyàn ṣì jọ ń sọ èdè kan náà, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò tíì dé ẹnu ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ti ń sọ pé "ó jọ pé", bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ti ń sọ pé "ó dájú pé". Ohun tí ojú rí gan-an àti ohun tí ọkàn kàn rò lásán, bákan náà ni ẹnu ń sọ wọ́n.

Bí ẹnìkan bá rí ejò, á ní, "Ejò wọlé o!" Bó bá sì jẹ́ pé okùn ló rí, tó wá rò pé ejò ni, ohun kan náà ló máa sọ: "Ejò wọlé o!" Gbogbo ará ilé á bẹ́ síta, ẹni tó ń jẹun àti ẹni tó ń wẹ̀. Mo rí i pé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ fi ẹ̀rín sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́ ibi tó já sí.

Àwọn ẹranko kan tẹ̀dó sí ẹ̀bá àpáta ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Àpáta Olóòrùn. Àgbẹ̀ ni wọ́n, iṣu ni wọ́n sì ń gbìn. Àáró ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́: lónìí, gbogbo wọn á lọ sí oko ẹnìkan, lọ́la, wọ́n á lọ sí oko ẹlòmíràn. Ẹni tí kò bá ní ohun tó ń ṣe nínú àáró kò lè bá wọn gbé.

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n á sì sá a sórí àpáta kó lè gbẹ di gbodo. Gbodo yìí ni wọ́n ń lọ̀ ní èlùbọ́, òun ni wọ́n sì ń jẹ títí iṣu tuntun á fi jáde.

Àmọ́ gbodo le púpọ̀ láti tọ́jú. Bí òjò bá pa á, ó bàjẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá sì sáré kó o jọ nígbà tí kò tíì gbẹ, á gbóná, á bu, á sì bàjẹ́ náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi nílò ẹni tí á máa wo ojú ọ̀run fún wọn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n fún níṣẹ́ náà. Ó ti dàgbà, ó ní ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kéré débi pé kò lè gbé ọkọ́. Iṣẹ́ wíwo ojú ọ̀run nìkan ló lè ṣe nínú àáró. Inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Láàárọ̀, á gun orí ọ̀pẹ, á jókòó sáàárín imọ̀, á máa wo ìsàlẹ̀ odò, á máa wo orí òkè. Bó bá rí nǹkan, á pariwo, àwọn tó wà lórí àpáta á sì gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, gbodo Ìyá Òkété ni wọ́n sá. Opó ni Ìyá Òkété, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sì lóyún. Gbodo yìí ni wọ́n fẹ́ fi tọ́jú ìyá ọmọ bó bá bí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín pé arẹwà ni Ìyá Òkété nígbà náà. Kò sí ẹni tó ní ìrù bíi tirẹ̀ ní gbogbo ìlú. Ìrù náà nípọn, irun rẹ̀ gùn, á máa dán yinrin. Àràárọ̀ ló ń yà á.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Ọ̀kẹ́rẹ́ rí i tí ojú ọ̀run ṣú díẹ̀ lápá ìsàlẹ̀ odò. Ó rò pé òjò ni. Ó la ẹnu, ó ní, "Òjò ń bọ̀ o!"

Wéré ni gbogbo wọn ya bo àpáta. Wọ́n kó gbodo sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n kó o wọ inú ihò, wọ́n fi ewé kókò bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí òjò. Òjò kò dé lónìí, kò dé lọ́la. Èéfín ni Ọ̀kẹ́rẹ́ rí; àwọn kan ló ń sun igbó lódìkejì odò. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí apẹ̀rẹ̀, gbogbo gbodo náà ti bu, òórùn rẹ̀ sì ti kan.

Ìyá Òkété kò pariwo. Ó kàn ń wo apẹ̀rẹ̀ náà, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ó dun Ọ̀kẹ́rẹ́ débi pé kò lè jẹun.

Etu ló bínú. Ẹsẹ̀ Etu yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó na ìka sí Ọ̀kẹ́rẹ́, ó ní, "Láti òní lọ, a ò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn ẹ mọ́ àfi tí òjò bá kán sí ẹ nímú!"

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n Etu," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ dáhùn.

Ó kan gbodo Etu fúnra rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí ọ̀pẹ, ó rí ìkùukùu dúdú tó ń yí bọ̀ láti orí òkè. Atẹ́gùn tutù fẹ́ sí i lára. Ó fẹ́ pariwo, ó rántí ìkìlọ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ń dúró kí òjò kán sí i nímú. Ìgbà tó kán sí i nímú tó wá pariwo, òjò ti dà sórí àpáta wàà. Gbodo Etu bàjẹ́ pátápátá.

Nígbà tí òjò dá, Òòrẹ̀ pe ìpàdé. Òòrẹ̀ ni olórí àáró, àgbà tí kì í kánjú ni.

Etu kò jẹ́ kó jókòó tán. "Kí ló kù tá a fẹ́ sọ, Bàbá Òòrẹ̀? Ó pariwo nígbà tí kò yẹ, ó dákẹ́ nígbà tó yẹ kó pariwo. Ẹ jẹ́ kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró kó kán sí mi nímú," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Ó sì kán sí mi nímú kí n tó pariwo."

"Ó kán sí gbodo mi kó tó kán sí imú ẹ!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Etu wò wọ́n, wọ́n pa ẹnu dé. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn tó lè ṣe, inú igbó níbi tí kò mọ ẹnikẹ́ni ló máa lọ.

Ìyá Òkété ló dìde. Gbogbo wọn kọjú sí i, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn jù ló fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Àbúrò mi," ló pè é, "lọ́jọ́ tèmi yẹn, ṣé òjò lo rí ni, àbí o rò ó?"

"Mo rò ó ni, mà."

"Báwo lo ṣe rò ó tó?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ronú díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò àti ìka hàn án. "Kò ju ẹ̀kùrọ́ kan lọ, mà."

"Ti Etu ńkọ́, kó tó kán sí ọ nímú?"

"Háà! Ìyẹn tó odindi iṣu! Mo ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú atẹ́gùn."

"Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí rí, mà. Mi ò sì mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi sọ ọ́."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé Òòrẹ̀. Ó mi orí títí, ẹ̀gún ara rẹ̀ ń dún ṣàkàṣàkà. Ó ní, "Kì í ṣe ojú rẹ̀ ló ń ṣì í. Àwa la ò bi í léèrè. Ẹ jẹ́ ká wá ọ̀rọ̀ tá a máa fi síwájú ìròyìn, kẹ́ni tó bá gbọ́ lè mọ bí òun á ṣe gbé e."

Wọ́n jókòó tì í. Ẹni yìí mú ọ̀rọ̀ kan wá, ẹni yẹn mú òmíràn wá. Ọ̀rọ̀ kan kò tó wọn, nítorí pé ẹni tí nǹkan jọ lójú, ó lè jọ díẹ̀, ó sì lè jọ púpọ̀. Ni wọ́n bá ń so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì. Bó bá tó ẹ̀kùrọ́, kó ní, "Ó jọ díẹ̀ pé òjò ń bọ̀." Bó bá tó ìlàjì iṣu, kó ní, "Ó ṣeé ṣe dáadáa pé òjò ń bọ̀." Bó bá sì tó odindi, kó ní, "Ó dájú gbangba pé òjò ń bọ̀." Inú gbogbo wọn dùn sí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí débi pé wọ́n ń fi wọ́n ṣeré. "Ó dájú gbangba pé ebi ń pa mí," ni Òòrẹ̀ wí, ó sì lọ wá nǹkan jẹ.

Àmọ́ nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ gun ọ̀pẹ láti dán an wò, kò ṣiṣẹ́. Ọ̀pẹ jìnnà sí àpáta, atẹ́gùn sì ń gbé ohùn. Ó ní, "Ó jọ díẹ̀ pé òjò ń bọ̀ o!" Àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò gbọ́ ju "òjò ń bọ̀ o" lọ. Kó tó parí ọ̀rọ̀, wọ́n ti ń sáré kó apẹ̀rẹ̀.

"Mo sọ fún yín!" ni Etu ké.

Òòrẹ̀ ní, "Bí etí ò bá gbọ́ ọ, kí ojú rí i. Ọ̀kẹ́rẹ́, ju ìrù kó o tó sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ díẹ̀, rọra fì í. Bó bá dájú, gbé e sókè kó o jù ú kíkankíkan."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ju ìrù. Ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan. Ìrù Ọ̀kẹ́rẹ́ kò nírun nígbà náà, tín-ín-rín ni, bí okùn òwú. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ, ó jókòó sí ìdí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tó máa kó sínú ẹrù rẹ̀.

Ìyá Òkété lọ bá a níbẹ̀. Ó gbé ìrù tirẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ yà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Mú abẹ wá," ló wí.

"Kí lẹ fẹ́ fi abẹ ṣe, mà?"

"Mo ní kó o mú abẹ wá."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ kọ̀. Ó ní, "Ìyá Òkété, ẹ jọ̀ọ́, ìrù yìí ni gbogbo ìlú fi mọ̀ yín. Èmi tí mo ba gbodo yín jẹ́!"

"Ọmọ mi máa bímọ, Ọ̀kẹ́rẹ́. Mo ṣì ní iṣu díẹ̀ tí mo fẹ́ sá. Ta ló fẹ́ wo ojú ọ̀run fún mi bí o bá lọ? Etu?"

Wọ́n fá ìrù náà láti ìdí títí dé ṣóńṣó orí rẹ̀. Lápá orí, awọ ibẹ̀ rọ̀, abẹ ta á lára, wọ́n sì fi eérú pa á kó má baà dùn ún. Wọ́n fi oje igi kun ìrù Ọ̀kẹ́rẹ́, wọ́n lẹ irun náà mọ́ ọn, ó di ṣùkùṣùkù. Nígbà tó gun orí ọ̀pẹ padà, wọ́n rí ìrù náà láti ìkángun àpáta lódìkejì.

Wọ́n sá iyókù iṣu Ìyá Òkété. Ó ku díẹ̀ kó gbẹ ni Ọ̀kẹ́rẹ́ rọra fi ìrù. Ó ní, "Ó jọ díẹ̀ pé òjò ń bọ̀!" Kò sẹ́ni tó sáré. Wọ́n kàn gbé apẹ̀rẹ̀ sún mọ́ tòsí, wọ́n fi gbodo sílẹ̀ nínú oòrùn. Òjò ọ̀hún kò sì rọ̀.

Nígbà tó yá, ìrù dìde lórí ọ̀pẹ, ó ń fò sókè sódò bí ẹni tí kòkòrò ta. "Ó dájú gbangba pé òjò ń bọ̀!" Àfi wàrà! Wọ́n kó gbodo, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ kanranjangbọ́n. Etu ló kó jù nínú wọn. Òjò dé, kò bá nǹkan kan lórí àpáta.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ Ìyá Òkété bí, àlàáfíà ni ìyá àti ọmọ wà. Gbogbo ìlú wá kí wọn. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lára ìkókó, ẹnu yà wọ́n. Ìrù ọmọ náà kò ní irun kankan. Ó dúdú ní ìdí, ó funfun ní orí, bí ẹni tí wọ́n fi eérú kùn.

Wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n bá Ìyá Òkété dárò ni tàbí kí wọ́n yọ̀. Ojú Ọ̀kẹ́rẹ́ ni Ìyá Òkété fúnra rẹ̀ ń wò.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ọmọ náà dáadáa. Ó gbé ìrù sókè, ó jù ú, ó jù ú, ó jù ú débi pé atẹ́gùn rẹ̀ ń fẹ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fọhùn: "Ó dájú gbangba pé ọmọ yìí jọ ìyá rẹ̀ àgbà!"

Ìyá Òkété bú sẹ́rìn-ín, ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ẹ̀rín sì gba gbogbo ilé.

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í ti í fọhùn láìkọ́kọ́ ju ìrù. Láti ọjọ́ náà ni àwa èèyàn ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn ẹranko láti máa sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dá wa lójú tó ká tó sọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ní ọ̀rọ̀ méjì méjì, bíi "very likely", ìyẹn "ó ṣeé ṣe dáadáa", tí wọ́n ń tò síwájú ìròyìn tiwọn. Láti ọjọ́ náà sì ni ìrù gbogbo òkété kò ti nírun mọ́, tó dúdú ní ìdí tó sì funfun ní orí, kò sì sí òkété kan tí ojú ń tì nítorí rẹ̀.