Èéfín Méjì ní Etí-Àgbọn

Kí òkun tó jẹ iyanrìn wa tán, abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Etí-Àgbọn. Òkun wà níwájú rẹ̀, ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ tó sì wà láàárín àwọn méjèèjì kò fẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ lè ju òkò dé lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ abúlé yìí létí ìyá ìyá mi, omi á lé ròrò sí i lójú, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tó ti lọ: òórùn ẹja tí wọ́n ń yan, ìró àgbọn tó ń já lulẹ̀ lọ́sàn-án, ipa ẹsẹ̀ akàn lórí iyanrìn láàárọ̀. Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ṣe mí bíi pé èmi náà gbé ibẹ̀ rí.

Ìgbà tí àwọn ará Etí-Àgbọn fẹ́ràn jù ni ìgbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀ láàárín ọdún. Omi etíkun á tutù, ẹja sáwá á sì sún mọ́ ilẹ̀ débi pé kò sí apẹja tó ń rìn jìnnà. Láàárọ̀ ni wọn á ti ọkọ̀ sómi. Kí oòrùn tó kan àtàrí, kí afẹ́fẹ́ tó yíwà padà, wọ́n ti délé.

Ọkọ̀ tó tóbi jù lábúlé, Adágúnodò ló ni ín, òun náà ló sì ń jókòó sí ìdí rẹ̀ láti tọ́ ọ. Ọkùnrin náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìkánjú. Ẹni tó bá bá a jẹun á ti fọwọ́, á ti sùn, á ti jí, kí òun tó bu òkèlè ìkẹyìn. Wọ́n a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹja inú àwọ̀n rẹ̀ a máa hu irùngbọ̀n kó tó fà á jáde. Á kàn rẹ́rìn-ín ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní láyé, Morẹ́nikẹ́. Ìyá ọmọ náà ti kú sórí ìkúnlẹ̀ nígbà tó fẹ́ bí èkejì.

Morẹ́nikẹ́ yìí ló fẹ́ Lúwòyè. Ọmọ etídò ni Lúwòyè, láti ìlú kan lókè lọ́hùn-ún níbi tí omi kò níyọ̀. Apá rẹ̀ le, ọkàn rẹ̀ sì mọ́, àmọ́ ara rẹ̀ kì í gba ìdúró. Lódò tiwọn, ẹni tó bá fagbára wakọ̀ ló ń tètè délé, kò sì tíì rí ohun tó máa mú un gbà pé omi kan lè yàtọ̀ sí èkejì.

Àṣà kan wà ní Etí-Àgbọn. Bí àwọn oníbàárà bá dé, àwọn obìnrin á dáná èèpo àgbọn sétí omi, èéfín kan á gòkè, àwọn apẹja á sì mọ̀ pé ọjà ti yá. Ṣùgbọ́n bí èéfín bá di méjì, ọ̀ràn ti dé nìyẹn, kí ọkọ̀ padà sílé ni.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, oyún Morẹ́nikẹ́ ti tó bí. Òdìkejì ọ̀sà ni agbẹ̀bí ń gbé, ọkọ̀ Adágúnodò nìkan ló sì fẹ̀ tó kí aboyún tí ara ń ni lè nà gbalaja nínú rẹ̀. Nítorí náà ni bàbá fi ní òun kò ní lọ sójú omi láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí. Morẹ́nikẹ́ kò gbà.

"Ẹ lọ, Bàbá mi," ó ní. "Inú kò tíì máa rún mi. Àbí ọwọ́ òfìfo lẹ fẹ́ fi kó ọmọ jáde ni? Ẹ lọ mú ẹja ìkómọ wá."

Ni àwọn mẹ́ta bá lọ: Adágúnodò nídìí ọkọ̀, Tẹ́wọ́gbadé aládùúgbò wọn láàárín, Lúwòyè níwájú. Òkun ṣe wọ́n lóore lọ́jọ́ náà. Sáwá kún àwọ̀n, ọ̀bọ̀kún ńláńlá wà láàárín wọn, Lúwòyè sì ń kọrin bó ti ń kó ẹja sínú ọkọ̀. Tẹ́wọ́gbadé ló kọ́kọ́ gbójú sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn, èéfín ni mo ń wò yẹn?"

Wọ́n wò ó. Ọ̀kan ń gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì.

Kò sẹ́ni tó béèrè ti ta ni. Wọ́n wa ọkọ̀ bọ̀ wálé tagbáratagbára. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ti dé ṣáájú wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ibi tí ìgbì ti ń ya lu ilẹ̀, òkun ti ń hó ruru, ìgbì ńlá ń gun orí ara wọn. Wọ́n ń rí àwọn obìnrin létí omi tí wọ́n ń fi aṣọ juwọ́ sí wọn. Ni Adágúnodò bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbé àjẹ̀ lé itan."

Tẹ́wọ́gbadé gbé tiẹ̀ lé itan. Lúwòyè kò gbé e.

"Bàbá, ilé nìyí! Ẹ jẹ́ ká fagbára kọjá!"

"Kó àjẹ̀ kúrò lómi, Lúwòyè. Jẹ́ kí òkun mí."

Lójú wọn níbẹ̀ ni ọkọ̀ Ìgè, akẹgbẹ́ wọn kan, ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òun náà ti rí èéfín méjì, ó ń sáré bọ̀ wá ṣèrànwọ́. Gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ ń fi àjẹ̀ na omi bí ẹni ń na ọ̀tá. Ìgbì kan gbé ìdí ọkọ̀ wọn sókè, èkejì yí i dànù, ẹ̀kẹta sì là á sí méjì lórí iyanrìn. Ọlọ́run yọ wọ́n, wọ́n wẹ̀ gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti di igi ìdáná.

Síbẹ̀ Lúwòyè kò gbọ́. Ó dìde dúró nínú ọkọ̀, ó gbàgbé pé àna òun ni òun ń bá wí.

"Ìyàwó mi ló ń kú lọ níbẹ̀ yẹn! Ẹ̀yin jókòó, ẹ ń wo omi! Ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Adágúnodò kò gbóhùn sókè.

"Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Kí n tó fà á lé ọ lọ́wọ́, ọmọ ta ni? Bí ọkọ̀ yìí bá fọ́, kí la máa fi gbé e kọjá ọ̀sà? Òkun ń hó. Bí àwa náà bá ń hó, ta ló máa wakọ̀? Jókòó, ọmọ mi."

Tẹ́wọ́gbadé ló rí i pé ètè bàbá náà ń ṣẹ̀jẹ̀, níbi tó ti ń fi eyín tẹ̀ ẹ́. Lúwòyè jókòó, ó sì bú sẹ́kún.

"Ẹ da ẹja nù, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́," ni bàbá wí.

Wọ́n da gbogbo ẹja ìkómọ padà sómi. Ìgbì ńlá kan kọjá lábẹ́ wọn, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni omi rọlẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó gbé ẹrù kalẹ̀ láti mí.

"Ó ti mí," ni Adágúnodò wí. "Ẹ wà á. Jẹ́jẹ́, ọwọ́ kan náà."

Lúwòyè ti àjẹ̀ bọ omi, ó wò ó bí Tẹ́wọ́gbadé ṣe ń ṣe, òun náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbì ni wọ́n gbà wọlé, ọkọ̀ náà sì gúnlẹ̀ láìfarapa. Àwọn ọkùnrin gbé e kọjá iyanrìn lọ sínú ọ̀sà. Wọ́n fi àwọ̀n ṣe ibùsùn fún Morẹ́nikẹ́, ẹni tí ọmọ ti há sí lára láti ìgbà tí wọ́n ti lọ sójú omi. Ọwọ́ agbẹ̀bí ló bí sí, tìyátọmọ là á já.

Nígbà tí Lúwòyè gbọ́ ẹkún ọmọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àna rẹ̀, kò fẹ́ dìde mọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni òun alára di atọ́kọ̀. Bí ara ọ̀dọ́ kan bá ń ya níwájú ìgbì, ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu bàbá ló máa ń tún sọ fún un, títí ó fi di orin lẹ́nu gbogbo wọn.

Omi ti bo Etí-Àgbọn lónìí. A kò lè na ìka sí ibi tí wọ́n ti dáná méjèèjì mọ́. Ọmọ tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà wálé fún ni ìyá ìyá mi. Ká ní ọkọ̀ náà fọ́ ni, kò ní sí èmi tí ń sọ ọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ tí Adágúnodò fi mú àna rẹ̀ jókòó lọ́jọ́ náà ló rìn kúrò létíkun, tó dé oko, tó dé ọjà, tó wá di òwe tí àgbà fi ń mú ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná jókòó: òkun kì í hó ruru, ká wà á ruru.