Ìbọn Tí Mo Dí Lẹ́nu

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó sórí àga, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ lóṣòó sórí gbòǹgbò, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbọ́ mi láti ẹ̀yìn ògiri tí ẹ ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀gúsí lẹ ń yan, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àbọ̀ oko, ẹ kú ìfaradà ẹnu àgbàlagbà. Ọdẹ́jìmí lorúkọ mi, ọmọ bíbí Ìdí-Ọ̀mọ̀ ni mí, ìlú tí òkúta pọ̀ ju ènìyàn lọ, tí ajá ibẹ̀ kì í gbó àlejò àfi bí àlejò bá kọ́kọ́ gbó o. Ogójì ọdún ni mo fi ṣọdẹ. Mo ti bá òjòlá du ihò kan náà lọ́jọ́ òjò, mo ti bá ìnàkí pín iyọ̀ jẹ, mo sì mọ̀ pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ wá gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ìtàn tòní kì í ṣe èyí tí ọdẹ fi ń na àyà. Bí mo bá rántí rẹ̀ lórí ẹní, aṣọ ni mo fi ń bo ojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àṣà wa fún yín, kí ọ̀rọ̀ mi má baà dà bí ọbẹ̀ tí a bù láìsí àwo. Ní Ìdí-Ọ̀mọ̀, ìbọn tí ìlú kò mọ ohùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ igbó. Lọ́dọọdún, bí àgbàdo bá ti gbẹ tán, gbogbo ọdẹ á péjọ síwájú ilé Olúọ́dẹ, Baba Ògúnmọ́dẹdé, oníkálukú á yin ìbọn rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn yòókù á dijú, wọ́n á tẹ́tí. Ìbọn kò yàtọ̀ sí ènìyàn, kò sí méjì tí ohùn wọn bára mu. Ti ọ̀rẹ́ mi Ajíbóyè a máa wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, bí arúgbó tó fa tábà. Ti Sàláwù, àlejò tó wá láti apá Òkè-Ògùn tó fẹ́ ọmọ wa, a máa dún ṣákálá bí ìgbà tí ènìyàn bá fa aṣọ tuntun ya. Tèmi ńkọ́? Ìyá-Ń-Pè ni wọ́n sọ ọ́, nítorí bó bá ti dún gbòlà báyìí, gbogbo ọmọ tó ń ṣeré lódò á ki eré mọ́lẹ̀, ó di ilé. Ohùn wọ̀nyí ni ojú wa nínú igbó. Bí mo bá gbọ́ ikọ́ ìbọn Ajíbóyè ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, mo mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ kọ ẹnu ìbọn síbẹ̀ mọ́. Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ohùn tí a gbọ́ la fi ń mọ ẹni tó ṣe é.

Nígbà tí mo ti yin Ìyá-Ń-Pè fún ogún ọdún, ìrẹ̀ kan kó wọ inú etí mi ọ̀tún, kò tọrọ àyè, kò sì kó jáde mọ́. Tọ̀sán-tòru ló ń han. Ìbídùn aya mi á pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, n óò máa bẹ iṣu mi lọ.

"Baálé mi," á ní, "ṣé ògiri ni mo fẹ́ ni?"

Oògùn rẹ̀ kò jìnnà. Olúọ́dẹ fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé kí ọdẹ fi òrí po òwú, kó fi dí etí kó tó yìnbọn, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ajíbóyè ń ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi yìí kan náà ni mo sọ Ajíbóyè ní Elétí-Òwú. Èmi yìí kan náà ni mo bu ata gígún sínú òwú rẹ̀ nígbà tó ń wẹ̀ lódò, tó dí i sétí, tó sì jó ijó tí kò ní onílù láti etí odò títí dé ìdí ẹ̀gẹ́ ìyá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rẹ́rìn-ín. Báwo ni èmi náà ṣe fẹ́ wá fi òwú sétí kí gbogbo ayé rí mi?

Ni mo bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ bá Àjàgbé, alágbẹ̀dẹ kan ní abúlé ẹ̀yìn odò. Ó rọ àdínhùn fún mi, ìyẹn ọ̀pá irin kékeré tí a ń fi bọ ẹnu ìbọn. Ó pín inú rẹ̀ sí yàrá méje, kí ohùn ìbọn wọ ti àkọ́kọ́ kó forí gbá ògiri, kó wọ èkejì kó tún forí gbá a, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ kó tó jáde.

"Ọdẹ́jìmí," Àjàgbé bi mí, "ṣé etí rẹ lo fẹ́ fi gbà là, àbí ojú ènìyàn lo fẹ́ fi bọ́?"

"Etí mi ni, bàbá."

"Kò burú. Kò ní pa ohùn náà tán o, ó kàn ń dín in kù ni. Ṣé o mọ òfin rẹ̀? Wàá gbé e lọ bá Olúọ́dẹ, èmi á lu àmì mi sí i lójú àgbà mẹ́ta, gbogbo ọdẹ á gbọ́ ohùn tuntun tí ìbọn rẹ ní. Ilé Olúọ́dẹ ni yóò máa gbé. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ lò ó, wàá sọ ibi tí ò ń lọ kó tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́."

"Ọ̀la gan-an ni n óò gbé e lọ."

"Ọ̀la wo?"

"Ọ̀la tó ń bọ̀ yìí."

"Gbogbo ọ̀la ló ń bọ̀," ó ní, ó sì padà sídìí ẹwìrì rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò gbé e lọ. Ẹran mẹ́fà ni mo fi pa láàárín oṣù kan. Ìyá-Ń-Pè tó máa ń bú bí àrá kò ṣe ju pẹ̀ẹ́ lọ, bí ẹni tu kóró ọsàn dànù. Ẹnu ya ìlú pé Ọdẹ́jìmí ń gbé ẹran wálé, a kò sì gbọ́ ìbọn. Mo ní agbára tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń pa wọ́n, pé n kò lo ìbọn rárá. Wọ́n sọ mí ní Adákẹ́pẹran, mo sì ń mi orí bí alángbá tó já láti orí ìrókò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo rí i tí igbó mì níwájú mi. Ọdẹ tó gbọ́n ì bá dúró kó rí ìwo tàbí ìrù. Èmi kò dúró. Pẹ̀ẹ́. Ohun tó dá mi lóhùn kì í ṣe igbe ẹran.

"Mo kú o! Ta nìyẹn? Ènìyàn ni mí o!"

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ajíbóyè ni. Etí mi tí kì í gbọ́ ìpè aya gbọ́ igbe yẹn kedere. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín ewé, mo rí ẹ̀jẹ̀ ní itan rẹ̀. Ìbá ṣe pé mo ti sọ ibi tí mo ń lọ fún Olúọ́dẹ bí òfin ṣe wí, ìbá ti mọ̀ tipẹ́ pé mo wà nítòsí, ìbá ti pariwo sí mi. Kí ni mo wá ṣe? Mo sá. Èmi Ọdẹ́jìmí tí kò sá fún ẹfọ̀n, mo sá fún ọ̀rẹ́ mi tó dùbúlẹ̀.

Sàláwù ló gbọ́ igbe náà tó sáré dé ibẹ̀. Ó ya dàńṣíkí rẹ̀ fi di ojú ọgbẹ́, ó sì gbé Ajíbóyè pọ̀n wálé bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Ẹ gbọ́ bí ìlú ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbọn kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́ ní igbó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ sì dún ṣákálá.

"Baba, àparò ni mo yìnbọn sí," Sàláwù ń sọ níwájú Olúọ́dẹ. "Àparò náà rèé."

"Ohùn ta la gbọ́?"

"Tèmi ni."

"O gbọ́ ohùn ẹlòmíràn?"

"Rárá, Baba, n kò gbọ́."

Olúọ́dẹ fún un ní ọjọ́ márùn-ún. Bí kò bá rí ẹni tó máa gbà á sílẹ̀, wọ́n á gba ìbọn rẹ̀, á sì kúrò nílùú. Wọ́n yí sí àwa àgbà ọdẹ, wọ́n ní kí oníkálukú dá sí i. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Ohùn ìbọn kì í parọ́." Ẹ wo mí dáadáa. Ẹnu yìí náà ló sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo mú àdínhùn náà lọ sínú igbó láti rì í mọ́lẹ̀. Mo ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹtu kan jáde, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó jókòó tì mí.

"Ọdẹ́jìmí, ọmọ Ìdí-Ọ̀mọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ilá lẹ fẹ́ gbìn?"

"Rárá o," mo dá a lóhùn, "irin ni."

"Irin kì í hù. Ẹ dìde, wọ́n ń retí yín."

Mo ki àdínhùn bọ àpò, mo tẹ̀ lé e. A dé abẹ́ igi àràbà kan tí gbogbo ẹran jókòó sí bí ọjọ́ orí wọn ṣe tò, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń jókòó nílé Olúọ́dẹ. Ọ̀rẹ̀ ni adájọ́, gbogbo ẹ̀gún ara rẹ̀ ló nà ró. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bi mí bóyá ilé dára, bóyá oko dára, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀.

"Ọdẹ, ta ló ni ọta?"

"Ọdẹ ni."

"Ta ló ni ẹran tó kú?"

"Ọdẹ náà ni."

"Ohùn ìbọn ńkọ́?"

Mo tún nàka sí àyà ara mi.

"Àwa la ni ín," ó ní. "Àdéhùn àwa àti àwọn bàbá yín nìyẹn. Ẹ̀yin á mú ọ̀kan, ohùn á kìlọ̀ fún àwọn yòókù kí wọ́n kó ọmọ wọn sá. O jí ìpín wa lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìgbà keje, o jí ti ọmọ ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ."

"Ẹ jọ̀wọ́, etí ló ń dùn mí."

Ehoro bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo etí tó ń dùn ún! Kò tó ewé tẹ̀tẹ̀! Èmi tí mo ru méjì yìí kiri ńkọ́?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀bọ ń fi ẹsẹ̀ halẹ̀.

"Kò sí òwú nílùú yín ni?" Ọ̀rẹ̀ bi mí.

"Ó wà. Ojú ló ń tì mí."

"O tijú òwú," ó ní, "o kò tijú ẹ̀jẹ̀."

Ẹ̀rín dá. Ìgbà yẹn ló wù mí kí ilẹ̀ lanu.

Ó gbé kèǹgbè kan jáde. Ó ní ohùn tí a bá dí lẹ́nu kì í kú, pé ṣe ló ń bọ́ sílẹ̀ bí ẹyìn, wọ́n sì ti ṣa méjèèje jọ. Ó dà wọ́n sí mi lọ́fun, wọ́n gbóná bí ẹ̀kọ mímu. "Mẹ́fà á máa jáde bí o bá ti parọ́, ìbáà kéré, ìbáà tóbi. Èkeje ni èyí tó ba ènìyàn. Bí irọ́ ló bá gbé e jáde, o kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ láyé. Bí òtítọ́ ni, á jáde jẹ́ẹ́. Ó dàárọ̀ o."

Lójú ọ̀nà ilé, mo pàdé ìyá arúgbó kan tó ru igi. "Ọdẹ, ṣé àlàáfíà ni?" Mo ní, "Àlàáfíà ni." Gbòlà! láti ẹnu mi. Ìyá náà ju igi nù, ó sáré bí ọmọ ọdún méje. Adẹ́mu kan pè mí láti orí ọ̀pẹ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹmu mi àná ńkọ́?" Mo ní ó dùn. Gbòlà! Ó fi àyà wọ́ sílẹ̀. "Kí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n?" "Kò sí nǹkan kan." Gbòlà! Kò dúró mú igbá rẹ̀.

Mo délé, Ìbídùn gbé oúnjẹ fún mi. "Ọbẹ̀ yìí ńkọ́?" "Ó dára." Gbòlà! Adìyẹ wọ abẹ́ ibùsùn.

"Ọbẹ̀ mi ló fa èyí? Baálé mi, níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Oko ni." Gbòlà!

"Kí lẹ ṣe?"

"N kò ṣe nǹkan kan." Gbòlà! Ó sì tán, ó ku ọ̀kan. Ìyá-Ń-Pè wà lára ògiri, kò mira, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Ìbídùn kò tún bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn ń wo ìbọn, ó ń wò mí. Ẹ̀yin ọkọ, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí aya yín wò yín bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ìlú pé. Ìbọn Sàláwù wà lórí ẹní. Wọ́n gbé Ajíbóyè wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Aya Sàláwù ti di ẹrù sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

"Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀," Olúọ́dẹ ní, "kó sọ ọ́ báyìí."

Ọ̀rẹ̀ kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí mo bá dákẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìdẹkùn wà. Bí mo bá dákẹ́, etí mi yè, orúkọ mi yè, Adákẹ́pẹran ni mí títí ayé. Olúọ́dẹ nawọ́, ó mú ìbọn lórí ẹní. Sàláwù kò sunkún, kò bẹ ẹnikẹ́ni, ó kàn ń wo ìbọn náà bí ẹni ń wo òkú ọmọ.

Mo dìde. "Èmi ni," mo ní. Ohùn keje bá a jáde, kò ju ikọ́ ọmọ ọwọ́ lọ. Síbẹ̀ gbogbo ìlú gbọ́ ọ, wọ́n sì mọ ìbọn tó ni ín. Mo gbé àdínhùn sórí ẹní, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìyọ ọ̀kan.

Ajíbóyè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "O gbọ́ igbe mi?"

"Mo gbọ́."

"O mọ̀ pé èmi ni?"

"Mo mọ̀."

Ó yí ojú rẹ̀ sí ògiri.

Wọ́n gba Ìyá-Ń-Pè lọ́wọ́ mi fún ọdún mẹ́ta, wọ́n lu àmì sí àdínhùn, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí Olúọ́dẹ, wọ́n ní èmi ni n óò máa ro oko Ajíbóyè títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi san. Kò tó nǹkan kan. Olúọ́dẹ wá na ìbọn Sàláwù padà sí i. "Àna wa, gbà, má bínú."

Sàláwù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gba ìbọn rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Baba. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé láàárín yín. Ohùn ìbọn mi lẹ gbà gbọ́. Ohùn ẹnu mi, ẹ kò gbà á gbọ́." Ó lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó gbé ẹrù lé aya rẹ̀ lórí, ó ru ìyókù, wọ́n sì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, òfin kò sọ pé kí ọdẹ di adití. Òwú wà, òrí wà, àdínhùn pàápàá ní ọ̀nà tí a fi ń ní i lójú gbogbo ayé. Ohun tí òfin kò fẹ́ ni kí ènìyàn ní ohun ìjà tí aládùúgbò rẹ̀ kò mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú kékeré rán yín ní iṣẹ́ ìtìjú ńlá, nítorí ti kékeré, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n á fi rẹ́rìn-ín. Ti ńlá, ogún ọdún rèé, n kò tíì rí ibi tí mo máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí.

Ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ máa lọ sílé kí ìrì má pa yín. Kí ọ̀nà gbà yín, kí ilé gbà yín. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì dé apá Òkè-Ògùn, tó bá pàdé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Sàláwù, kó bá mi kí i. Kó má sọ pé mo ní kó dárí jì mí. Kó ṣáà bá mi kí i.