Oyin Inú Tíì Òjédòkun

Iṣẹ́ oyin ni Òjédòkun ń ṣe ní abúlé Òkè-Afárá. Kò sí ilé tí wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ ní agbègbè náà tí kì í ṣe oyin rẹ̀ ni wọ́n ń gbé kalẹ̀. Nígbà tí òǹgbẹ kò jẹ́ kó sinmi mọ́, tí èèrà sì ń ṣù bo ibi tó bá tọ̀ sí, Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ti wọlé. Egbò kékeré kan tún wà ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná.

Mojírayọ̀ ọmọ wọn gbé tíì eléwé tútù wá láti ìlú.

"Bàámi, kì í wo àtọ̀gbẹ o. Ó kàn lè ran ara lọ́wọ́ díẹ̀ ni. Ẹ má fi oògùn dókítà sílẹ̀, ẹ má sì fi ṣúgà sí i."

Nígbà tí ọmọ lọ tán, Òjédòkun tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. "Ta ni mo ṣẹ̀ tí ẹ fi ń fún mi ní omi aró mu? Ìbídùn, gbé oyin wá!"

"Bàbá Mojí, wọ́n ní kí ẹ yẹra fún ohun dídùn."

"Ṣúgà ni wọ́n kọ̀. Ohun tí a fi ń tọ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́nu, ṣé òun ni yóò wá pa irú èmi? Àbí opó ló ń wù ọ́ ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí Ìbídùn lọ gbé oyin wá. Ó bu oyin sí i. Bí òǹgbẹ ti ń le sí i ni ọkọ rẹ̀ ń sọ pé tíì òun kéré, títí ó fi kúrò ní ife, tó di igbá. Bí tíì ṣe ń pọ̀ ni oyin ń pọ̀. Ẹsẹ̀ náà dúdú, ó ń rùn.

Mojírayọ̀ padà wá, ó tọ́ igbá náà wò, ló bá figbe ta. "Màámi, oyin!"

"Tíì rẹ ló sọ mí dà báyìí," ni Òjédòkun wí lórí ẹní.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìbídùn ń ṣa tẹ̀tẹ̀ tí wọn yóò fi se ọbẹ̀ fún àwọn tó wá bá a kẹ́dùn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ bi í pé, "Ìyàwó wa, kí ló pa á gan-an?" Ìbídùn yí ewé ọwọ́ rẹ̀ padà. Kòkòrò kan lẹ̀ mọ́ ọn, ó sanra, àwọ̀ ewé náà gẹ́lẹ́ ló ní.

"Inú ohun tó ní òun fi ń wo ara rẹ̀ ni ikú rẹ̀ wà," ni opó náà wí, ó na ewé oníkòkòrò náà sí i. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń bù ú fún un."

Láti ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló ń gbé.